Ṣé Ẹni Tó Fọwọ́ Sí Ìwé Náà Ló Jókòó Síbí?

Lóṣù kẹrin ọdún 2016, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lórílẹ̀-èdè Netherlands, dókítà kan gbé ife kọfí fún ìyá ẹni ọdún 74 kan. Ó ti po òògùn amúnisùn mọ́ kọfí náà, ìyá ò sì mọ̀. Àìsàn Alzheimer ti ba iyè rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí orí rẹ̀ ṣì pé, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ò fẹ́ fi irú ilé bẹ́ẹ̀ parí ayé òun, pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ láti kú kó tó dà bẹ́ẹ̀, torí òfin ilẹ̀ wọn ti fàyè gba irú ẹ̀ láti ọdún 2002. Àmọ́ nígbà tó dé ilé ìtọ́jú, bó ṣe ń sọ lónìí pé òun fẹ́ kú ló ń sọ lọ́la pé kò tíì yá. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, oorun gbé e lọ, dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lóògùn tó máa gba ẹ̀mí rẹ̀. Kó tó parí, ìyá ta jí, ó fẹ́ dìde. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló dì í mú títí dókítà fi ṣe tán.

Wọ́n gbé dókítà náà lọ sílé ẹjọ́. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kan ní The Hague dá a láre. Lóṣù kẹrin ọdún 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórílẹ̀-èdè náà sọ pé dókítà lè tẹ̀ lé irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí aláìsàn ò bá tiẹ̀ lè sọ ohun tó fẹ́ mọ́, tí ohun tí òfin là sílẹ̀ bá ṣáà ti pé. Ẹjọ́ parí, ọ̀rọ̀ ò parí. Ní Quebec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, láti ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2024 lẹni tí wọ́n bá rí irú àìsàn yìí lára rẹ̀ ti lè kọ ìwé sílẹ̀ de ọjọ́ tí kò ní lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́. Ní Belgium, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ àfi tí ẹni náà bá ti dákú lọ tí kò sí pé ó tún máa jí, àwọn kan sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fẹ òfin náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣarán. Kì í ṣe èèyàn díẹ̀ lọ̀rọ̀ náà kàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 57 ni àìsàn tó ń múni ṣarán wà lára wọn lọ́dún 2021, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ló ń kún wọn lọ́dọọdún.

Àwọn agbẹjọ́rò ń jiyàn nípa òfin, àwọn dókítà ń jiyàn nípa ìṣègùn. Ìbéèrè tí mo rí lábẹ́ gbogbo ẹ̀ ti pẹ́ ju àwọn méjèèjì lọ. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé yẹn àti ẹni tó fẹ́ dìde yẹn, ṣé ẹnì kan náà ni? Bí ẹnì kan náà bá ni, èwo nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ká gbọ́, tàná àbí tòní? Bí kì í bá sì í ṣe ẹnì kan náà, ta ló fún ẹni àná láṣẹ lórí ẹ̀mí ẹni òní?

Èdè wa fúnra ẹ̀ ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Bí mo bá dúró níwájú dígí, ara mi ni mò ń wò. Ara tó ń rẹ̀ mí, tó ń dùn mí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo fi ń pe ẹni tí mo jẹ́. Síbẹ̀ náà, bí àìsàn bá dé, màá ní ara mi ò yá, bí ẹni pé èmi wà lọ́tọ̀, ara wà lọ́tọ̀, tí mo kàn ń jíṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ míì ẹ̀wẹ̀, màá ní mo bá ara mi sọ̀rọ̀. Ta ló sọ ọ́, ta ló gbọ́ ọ?

Àwọn kan ti gbìyànjú láti yọ ara kúrò níbẹ̀ pátápátá kí wọ́n lè rí ohun tó máa ṣẹ́ kù. Ibn Sina, oníṣègùn àti ọlọ́gbọ́n ará Páṣíà tó gbé ayé láti 980 sí 1037, ní ká fọkàn yàwòrán ọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tó rọ̀ sí òfuurufú, tí wọ́n bo ojú rẹ̀, tí apá ò kan apá, tí ẹsẹ̀ ò kan ẹsẹ̀, tí kò gbọ́ nǹkan kan, tí kò fara kan nǹkan kan. Ó ní onítọ̀hún á ṣì mọ̀ pé òun wà. Lọ́dún 1637, René Descartes ará Faransé gba ọ̀nà míì débi tó jọ ìyẹn: ó lè ṣiyèméjì nípa gbogbo nǹkan, àmọ́ kò lè ṣiyèméjì pé òun tó ń ṣiyèméjì wà. Àwọn méjèèjì jẹ́ ká mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Wọn ò sọ ohun tó máa jẹ́ ká mọ̀ bóyá ẹni tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ náà ló wà níbẹ̀ lálẹ́, ìyẹn gan-an ló sì ń ṣe wá báyìí.

John Locke, ará England, ló kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn tààrà, nínú orí ìwé kan tó fi kún iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1694. Ó ní ká gbà pé ọkàn ọmọ ọba kan, tòun ti gbogbo ohun tó rántí, kó sínú ara ọkùnrin kan tó ń rán bàtà. Ilẹ̀ mọ́, ara aránbàtà dìde lórí ibùsùn, àmọ́ ààfin lòun rántí, bàbá rẹ̀ ọba ló rántí, kò mọ abẹ́rẹ́ kò mọ okùn. Ta ni? Locke ní ọmọ ọba ni. Ohun tó so ẹni àná mọ́ ẹni òní ni pé ẹni òní rántí, pé ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun lòun ṣe ohun àná. Ibi tí ìrántí rẹ bá gùn dé nìwọ náà gùn dé.

Ìdáhùn yìí wọni lọ́kàn gan-an, òun sì ni ọ̀pọ̀ wa ń lò láì mọ̀. Òun ló wà lẹ́nu ẹni tó ń sọ nípa bàbá rẹ̀ tó ń ṣarán pé, "Bàbá mi ti lọ tipẹ́, ara ẹ̀ ló kù." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn òbí wọn dénú, mi ò sì bá wọn jà, torí ọgbẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ mo gbà pé irọ́ ni, irọ́ tó sì léwu ni, torí pé bó bá jẹ́ pé ara lásán ló kù, kò sẹ́ni tá à ń ṣẹ̀ bá a bá dì í mọ́lẹ̀ nígbà tó fẹ́ dìde.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ibi tó ti jò nínú ìdáhùn Locke. Joseph Butler, àlùfáà ará England, sọ lọ́dún 1736 pé kí n tó lè sọ pé mo rántí ohun tí mo ṣe, ó ti ní láti jẹ́ èmi ló ṣe é ṣáájú. Ìrántí ń jẹ́rìí sí i ni, òun kọ́ ló dá a sílẹ̀. Lọ́dún 1785, Thomas Reid ará Scotland mú àpẹẹrẹ kan wá tí mi ò tíì rí ẹni tó bọ́ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó tún ìdáhùn Locke ṣe. Ọmọkùnrin kan jí èso ká, wọ́n nà án nílé ìwé. Ó dàgbà, ó di ọ̀gágun kékeré, ó gba àsíá lọ́wọ́ ọ̀tá lójú ogun. Nígbà tó darúgbó, ó di ọ̀gágun àgbà. Lọ́jọ́ tó gba àsíá, ó ṣì rántí ẹgba tí wọ́n nà án. Lọ́jọ́ ogbó, ó rántí àsíá, àmọ́ ẹgba ti kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá. Tá a bá tẹ̀ lé Locke, ọ̀gágun àgbà ni ọ̀gágun kékeré, ọ̀gágun kékeré ni ọmọ tí wọ́n nà, àmọ́ ọ̀gágun àgbà kọ́ ni ọmọ tí wọ́n nà. Ìyẹn ò lè rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n ní ìbéèrè náà gan-an ló wọ́. David Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Scotland, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde láàárín 1739 sí 1740, ní nígbàkigbà tóun bá wo inú ara òun láti wá "èmi" náà, ooru tàbí òtútù, ìfẹ́ tàbí ìkórìíra, ìrora tàbí ìgbádùn lòun ń bá níbẹ̀, òun ò bá onílé rí. Lójú rẹ̀, ìdì nǹkan tó ń kọjá lọ ní wàrà-wàrà la jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn lára Hume ni pé nínú àfikún tó ṣe sí ìwé náà, ó jẹ́wọ́ pé òun ò mọ okùn tó di ìdì náà, ọ̀rọ̀ náà sì sú òun. Kó tó dìgbà tiẹ̀, nínú ìwé àtijọ́ kan ti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, Nagasena tó jẹ́ ọlọ́gbọ́n bi Ọba Milinda léèrè nípa kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí ọba gùn wá. Ṣé igi ìtọ́kọ̀ ni kẹ̀kẹ́ ẹṣin? Rárá. Ṣé àwọn àgbá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni? Rárá. Ṣé nǹkan míì wà lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ tó ń jẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin? Rárá. Orúkọ la fi ń pe àkópọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ náà lèèyàn. Ọ̀pọ̀ ló ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ bí ẹni pé ó ní kò sẹ́nì kankan. Ohun tó ń sọ ni pé kò sí onílé kan tí kì í yí pa dà tó jókòó sínú wa. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ṣáà gbé ọba débẹ̀.

Gbogbo ìwọ̀nyí, ìrònú ni. Lọ́dún 1953, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó gbé ìbéèrè Locke kúrò nínú ìwé bọ́ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Henry Molaison, ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 27 lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní wárápá tó le. Dókítà yọ apá kan nínú ọpọlọ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì kí gìrì náà lè dín kù. Ó dín kù. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn títí tó fi kú lọ́dún 2008, lẹ́ni ọdún 82, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tuntun kan tó dúró lọ́kàn rẹ̀. Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ jáde, tẹ́ ẹ tún wọlé, àlejò tuntun lẹ jẹ́. Suzanne Corkin, onímọ̀ nípa ọpọlọ, bá a ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, àlejò lòun náà wà sí i títí. Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ míì, gbé iṣẹ́ kan fún un: kó máa fa ìlà yí àwòrán ìràwọ̀ ká, àmọ́ inú dígí nìkan ni kó ti máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní ó ń ṣì í, lọ́jọ́ kẹta ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn dáadáa. Kò rántí pé òun ti ṣe é rí. Ọwọ́ rẹ̀ rántí ohun tí òun ò rántí.

Ọkùnrin yìí sọ nígbà kan pé gbogbo ọjọ́ dá dúró lọ́tọ̀ fún òun, ìgbádùn yòówù kóun ti ní, ìbànújẹ́ yòówù kóun ti ní. Síbẹ̀, gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń sọ irú èèyàn tó jẹ́. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ó máa ń ṣàwàdà, ó fẹ́ràn eré fífi ọ̀rọ̀ kún àlàfo, ó sì máa ń sọ pé bí ohun tí wọ́n bá rí lára òun bá lè ran ẹlòmíì lọ́wọ́, inú òun dùn. Lójú Locke, Henry Molaison á ti já sí wẹ́wẹ́, èèyàn tuntun ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Lójú àwọn tó ń bá a jókòó, ẹnì kan ṣoṣo ni látòkè délẹ̀.

Kí ló wá dì í mú? Lọ́dún 2015, Nina Strohminger àti Shaun Nichols gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n bi èèyàn 248 léèrè, gbogbo wọn ló ní ẹbí tí àìsàn ń jẹ ọpọlọ tàbí iṣan rẹ̀. Àwọn kan ń tọ́jú ẹni tó ní Alzheimer, tó ń kó iyè lọ. Àwọn kan ń tọ́jú ẹni tí àìsàn mú lápá iwájú ọpọlọ, èyí tó máa ń yí ìwà pa dà. Àwọn yòókù, àìsàn tó ń sọ iṣan di aláìlágbára ló bá ẹbí tiwọn. Ìbéèrè náà ni pé, ṣé ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ rí ṣì lèyí? Àwọn tí àìsàn yí ìwà ẹbí wọn pa dà ló sọ jù pé àwọn ò mọ ẹni náà mọ́. Àwọn tí ẹbí wọn kàn ń gbàgbé ò sọ bẹ́ẹ̀ tó. Nígbà tí wọ́n ya gbogbo ẹ̀ sọ́tọ̀ wò, ìgbàgbé ò fi bẹ́ẹ̀ nípa lórí ìdáhùn wọn. Ìwà ni: ṣé ó ṣì ń ṣàánú, ṣé olóòótọ́ ni, ṣé ó ṣì ń ro ti ẹlòmíì.

Mo mọ̀ pé ojú ẹbí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ohun tó wà nínú aláìsàn. Síbẹ̀ nígbà tí mo kà á, ṣe ni mo dìde kúrò lórí àga, torí pé èdè tí mo ń sọ látọmọdé ti ní in tipẹ́. Kí nǹkan wà, òun ni wíwà. Inú "wà" kan náà la ti fa "ìwà" yọ. Bí ẹnì kan ṣe ń hùwà àti bó ṣe wà láyé, ibì kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀ lẹ́nu wa.

Ìyá tó bí ìyá mi ṣarán fún ọdún mélòó kan kó tó kú. Níkẹyìn kò mọ̀ mí mọ́. Ìgbà tó kọ́kọ́ hàn sí mi, orúkọ mi kọ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fi mọ̀ ọ́n ni pé ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ta lẹ̀ ń wá?" Ìyá tó gbé mi pọ̀n ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣe sí àlejò. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Àmọ́ kí n tó rí ohun tí màá fi fèsì, ó ti sún lórí àga gbọọrọ tó jókòó lé, ó ń fọwọ́ gbá ibi tó fi sílẹ̀ pẹ́pẹ́. Bó ṣe máa ń ṣe látìgbà tí mo ti gbọ́njú nìyẹn. Kò sẹ́ni tó wọlé sọ́dọ̀ ẹ̀ tí kì í sún fún. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa mi ti lọ, sísún yẹn ò lọ. Ta ló sún?

Derek Parfit, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará England, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1984, sọ pé bóyá ẹnì kan náà ni tàbí kì í ṣe ẹnì kan náà kọ́ ló yẹ kó ká wa lára. Ó ní okùn púpọ̀ ló so ẹni àná mọ́ ẹni òní: ìrántí, ìpinnu, ìgbàgbọ́, ìfẹ́, ìwà. Àwọn okùn yìí lè pọ̀, wọ́n lè dín kù, wọ́n lè já lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọjọ́ kan pàtó tá a lè nàka sí pé ibí lẹni náà parí sí. Rebecca Dresser, onímọ̀ òfin, mú irú èrò yìí wọ inú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣarán. Ó ní bí okùn bá ti tín-ínrín tó bẹ́ẹ̀, ìwé tí ẹni àná kọ ò lè ní agbára kan náà mọ́ lórí ẹni òní, ká yáa wo ohun tó dáa fún ẹni tó wà níwájú wa.

Ronald Dworkin, onímọ̀ òfin ará Amẹ́ríkà, kò gbà. Lọ́dún 1993 ó kọ̀wé nípa Margo, obìnrin kan tó ní Alzheimer, tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ti kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́dún 1991. Margo á ṣí ìwé ìtàn, á máa ka ojú ìwé kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún, kò sí ètò níbẹ̀. Bó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń yàwòrán, àwòrán kan náà ló máa ń yà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ó wà lára àwọn tínú wọn dùn jù lọ tóun tíì rí rí. Dworkin bi wá pé, ká ní Margo ti kọ ìwé sílẹ̀ nígbà tí orí rẹ̀ pé pé kí wọ́n má ṣe tọ́jú òun bí òun bá dà báyìí ńkọ́? Ó ní ká tẹ̀ lé e. Àlàyé rẹ̀ ni pé ayé èèyàn jẹ́ odindi, ẹni tó ní ayé náà ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bó ṣe máa parí, bí ẹni tó ń hun aṣọ ṣe mọ ibi tí ìgbátí máa wà.

Mo lóye Dworkin, mo sì mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń ba èèyàn débi tó fi ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mi ò fojú di ẹ̀rù yẹn. Àmọ́ Agnieszka Jaworska, onímọ̀ ọgbọ́n orí, fèsì kan lọ́dún 1999 tó mú èmi dúró. Ó ní bí iyè bá tiẹ̀ lọ, agbára láti ka nǹkan sí pàtàkì kì í tètè lọ. Ẹni tí kò rántí àná ṣì lè mọ̀ pé ohun kan ṣeyebíye sí òun, á sì máa dùn ún bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí Margo bá mú búrọ́ọ̀ṣì ìyàwòrán, tó ń ya àwòrán kan ṣoṣo yẹn, ó ṣì ń hun aṣọ tirẹ̀. Ìgbátí ò tíì yá.

Ọ̀rọ̀ kan náà tún ti ń yọ jú láti apá ibòmíì, mo sì fẹ́ fẹnu kàn án díẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti wà báyìí tó lè ka gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ olóògbé, kó gbọ́ ohùn rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀, kó wá máa dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn. Lọ́dún 2020, tẹlifíṣọ̀n kan ní South Korea fi ìyá kan hàn tó ń bá àwòrán ọmọ rẹ̀ tó ti kú ṣeré nínú awò kọ̀ǹpútà, tó ń na ọwọ́ sí i tọmijé-tọmijé. Tá a bá tẹ̀ lé Locke, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó mọ ọjọ́ ìbí gbogbo wa, tí kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kankan, sún mọ́ ẹni náà ju màmá àgbà tí kò mọ orúkọ mi lọ. Kò sí nǹkan tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ìdáhùn Locke kéré tó ìyẹn. Ẹ̀rọ náà mọ gbogbo nǹkan nípa mi, kì í sún.

Apá kan ṣì kù tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wọ̀nyí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Ifeanyi Menkiti, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ onímọ̀ ọgbọ́n orí, kọ̀wé lọ́dún 1984 pé ẹyọ ẹnì kan kì í dá di èèyàn, àwùjọ ló ń sọni di èèyàn, díẹ̀díẹ̀. Kwame Gyekye ará Gánà dá a lóhùn pé àsọdùn wà níbẹ̀: èèyàn ti jẹ́ èèyàn kí àwùjọ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn Gyekye níbí, torí bó bá jẹ́ àwùjọ ló fúnni, àwùjọ lè gbà á pa dà lọ́jọ́ tí èèyàn bá di ẹrù. Síbẹ̀ mo rí òótọ́ Menkiti nínú yàrá aláìsàn. Nígbà tí màmá àgbà ò rántí ìtàn ara rẹ̀ mọ́, àwa la ń rántí rẹ̀ fún un. A mọ orin tó fẹ́ràn, a mọ ẹ̀gbẹ́ tó máa ń fi sùn. Ẹrù tí kò lè gbé mọ́, a bá a gbé e.

Ibi tí mo já sí nìyí. Ìwé àná ní ìwọ̀n, torí pé ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe àjèjì sí ẹni òní, òun ló bí i. Àmọ́ kò ní ìwọ̀n tó lè fi pa ẹni òní lẹ́nu mọ́. Nígbà tí ìyá ẹni ọdún 74 yẹn sọ pé kò tíì yá, ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó fẹ́ dìde, ẹnì kan ló fẹ́ dìde. Ilé ẹjọ́ ní òfin ò kọ̀ ọ́ fún dókítà, mi ò ní bá ilé ẹjọ́ jiyàn nípa òfin. Ohun tí mò ń bá wọn jiyàn lé lórí ni kọfí yẹn, tí wọn ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó mu ún.

Màmá àgbà ò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Èmi lè kọ tèmi lọ́jọ́ kan, torí irú àìsàn yìí wà nínú ẹbí wa, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo fẹ́ àti ohun tí mi ò fẹ́, màá fi ìlà kan kún un: kí wọ́n tó ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá bá lórí àga, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó sún fún wọn.